Spitfire tó ń jẹ́ Oyo Province: kí ló ń kéré, kí ni kì í kéré, tí a bá sọ bàálù ogun di nǹkan àfọwọ́mú?

Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè pé ṣé ìwé ló gbé mi mì. Ìwé wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Bàálù ogun kan tí kò tó báírò ní gígùn ló ń gba ìrọ̀lẹ́ mi láti bí oṣù mẹ́ta, lórí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé yàrá mi ní Ìkirè níbí. Ike ni. Mò ń tò ó, mò ń kùn ún.

Ìyá mi béèrè pé kí ni àgbàlagbà tó ń ka físíìsì fún másítà ń fi ohun ìṣeré ọmọdé ṣe. Mo ní kì í ṣe ohun ìṣeré. Wọ́n wò mí, wọ́n wo bàálù náà, wọ́n ní, "Ó dáa." Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "ó dáa" máa ń túmọ̀ sí lẹ́nu ìyá ẹni.

Ẹ̀kọ́ físíìsì tí mo fẹ́ ká fi bàálù yìí kọ́ lónìí, wọ́n máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì ni. Tí ẹ bá dín nǹkan kù, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló ń dín kù ní iye kan náà. Òmíràn ń dín kù díẹ̀, òmíràn ń dín kù kọjá àlà, òmíràn ò sì ní dín kù rárá àfi tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín dín in kù.

Bàálù tó ń jẹ́ orúkọ wa

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ń gbé nílùú òyìnbó ló gbé páálí méjì wá nígbà Kérésì. Spitfire Mk Vb ló wà nínú méjèèjì, bàálù ajagun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hitler. Spitfire náà ni bàálù àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ Airfix ṣe ní ike, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò ṣìnà tó bá mú un.

Ẹni tó bá ń to irú nǹkan báyìí máa ń yan bàálù gidi kan pàtó tó fẹ́ fi jọ: nọ́ńbà rẹ̀, lẹ́tà ara rẹ̀, ọdún rẹ̀. Mo wà nídìí fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń wá èyí tí màá kùn, ni mo bá kan AB216. Lẹ́tà DL-Z ló wà lára rẹ̀. Robert Oxspring, ọ̀gá ẹgbẹ́ tó ni bàálù náà, fò ó ní 1942. Ní ẹ̀gbẹ́ bàálù yẹn, níwájú ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NIGERIA OYO PROVINCE.

Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bó ṣe rí nìyí. Nígbà ogun náà, ìlú tàbí ilẹ̀ tó bá dáwó £5,000, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára Spitfire kan. Iye yẹn kò tó owó tí wọ́n ń ná lórí ẹyọ kan ní gidi, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Nàìjíríà dáwó tó pọ̀ débi pé odidi ẹgbẹ́ kan ló ń jẹ́ orúkọ wa: No. 91 (Nigeria) Squadron. Oṣù kìíní 1941 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Hawkinge, ní Kent, lẹ́bàá òkun tó kọjú sí ilẹ̀ Faransé. DL ni àmì ẹgbẹ́ náà. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa fò káàkiri etí òkun láti ṣọ́ ọkọ̀ ojú omi ọ̀tá, "Jim Crow" ni wọ́n sì ń pe iṣẹ́ náà. Orúkọ yẹn kan náà ni wọ́n ń pe òfin tó ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà. Owó aláwọ̀ dúdú ló ra bàálù, iṣẹ́ rẹ̀ wá ń jẹ́ Jim Crow. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oyo Province ayé òyìnbó kì í sì í ṣe Ọ̀yọ́ Aláàfin nìkan o. Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, Ifẹ̀ àti Iléṣà wà nínú rẹ̀, Ìkirè àti Àpòmù sì wà lábẹ́ Ìbàdàn nígbà yẹn. 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Tiwa ni orúkọ yẹn.

Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ń gbé ní Àpòmù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yìí mọ̀ pé Ìkirè àti Àpòmù ò jìnnà síra, ọ̀kadà kan ni. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mo ka orúkọ ara bàálù náà sí wọn létí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹkùrọ́ nìyẹn." Mo ní ẹkùrọ́ báwo, bàbá? Wọ́n ní nígbà ogun Hitler, wọ́n máa ń ní kí àwọn ọmọléèwé ṣa ẹkùrọ́, kí wọ́n pa á, kí wọ́n kó o wá fún tíṣà, pé ogun ni àwọn fi ń ràn lọ́wọ́. Òkúta tí wọ́n fi ń pa á bà wọ́n níka lọ́jọ́ kan, àpá rẹ̀ ṣì wà ní àtàǹpàkò òsì. "Wọn ò sọ fún wa pé bàálù ni wọ́n fẹ́ rà."

Kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ mi pé ẹkùrọ́ tiwọn ló di owó bàálù yìí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n ṣáà ṣe é wá, àwọn fẹ́ rí i. Gulaukómà ti mú ojú ọ̀tún wọn lọ, tòsì ò sì rí ju òjìji lọ. Mo gbọ́ "rí" yẹn, mi ò ronú sí i.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 72?

Òṣùwọ̀n 1/72 ni bàálù mi. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lára bàálù gidi di íǹṣì kan ṣoṣo lára tèmi, torí íǹṣì 72 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe bàálù kéékèèké ti ń lò ó. Nígbà tí ogun dé, àwọn ológun náà gbà á. Ní 1942, iléeṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọléèwé fi igi gbẹ́ 500,000 bàálù ní 1/72, kí wọ́n kùn ún ní dúdú, kí àwọn ológun lè fi kọ́ bí a ṣe ń dá bàálù ọ̀tá mọ̀ lókèèrè. Tí wọ́n bá gbé e sí mítà mẹ́wàá sí yín, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ ń wo bàálù gidi láti mítà 720. Ẹ wò ó báyìí: ọmọléèwé Amẹ́ríkà ń gbẹ́ igi, ọmọléèwé Àpòmù ń pa ẹkùrọ́, nítorí ogun kan náà.

Ó yá, ká ṣírò. Apá Spitfire gidi, láti ìparí ọ̀tún dé ìparí òsì, jẹ́ mítà 11.23. Ẹ pín in sí 72, ó di sẹ̀ǹtímítà 15.6. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 9.12, ó di sẹ̀ǹtímítà 12.7. Ìyẹn ò le.

Ṣùgbọ́n apá bàálù ní gígùn, ó sì ní fífẹ̀, méjèèjì ló sì dín kù ní ìlọ́po 72. Nítorí náà àyè ojú apá dín kù ní 72 × 72, ìyẹn 5,184. Bẹ́ẹ̀ ni bàálù ní gíga pẹ̀lú, torí náà ìwọ̀n rẹ̀ lórí ìlà gbọ́dọ̀ dín kù ní 72 × 72 × 72, ìyẹn 373,248. Spitfire Mk Vb tó gbé epo àti ọta, tó ti ṣe tán láti gbéra, wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 3,000. Ẹ pín in. Gíráàmù mẹ́jọ! Tọ́ọ̀nù mẹ́ta di nǹkan tí ẹ lè gbé lé orí ẹyọ dòdò Ìkirè kan tí kò ní tẹ̀.

Mo gbé tèmi lé ìwọ̀n ní láàbù nígbà tí kò sẹ́ni níbẹ̀. Gíráàmù 23. Ó sanra! Ìdí ni pé awọ ara Spitfire gidi, irin alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ju bíi mìlímítà kan lọ ni, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ike tèmi náà nípọn tó mìlímítà kan. Ẹ fi 72 ṣe ìlọ́po rẹ̀ padà sí ti gidi: irin tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méje. Bàálù wo ló máa gbé ìyẹn fò? Ìṣirò yìí kan náà ló fà á tí ẹsẹ̀ èèrà fi lè rí bí òwú, tí ti erin sì gbọ́dọ̀ rí bí òpó ilé. Bí ara ṣe ń tóbi, ìwúwo máa ń sáré ṣíwájú agbára ẹsẹ̀.

Ọ̀dà ò mọ̀ pé bàálù ti kéré

Ibí ni mo ti jìyà. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bíi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Tí irun kan bá lẹ̀ mọ́ ọ̀dà bàálù mi, lójú ẹni tó ń wò ó bíi bàálù gidi, okùn mìlímítà márùn-ún ló lẹ̀ mọ́ ọn yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni tí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà tó nípọn tó irun, ńṣe ló dà bí ìgbà tí mo fi símẹ́ńtì rẹ́ ara Spitfire. Gbogbo ojú ìlà tí wọ́n fín sára ike náà, níbi tí pánẹ́ẹ̀lì kan ti pàdé èkejì, á dí pátápátá. Ọ̀dà ò mọ̀ pé bàálù ti kéré. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ dín in kù fún un.

Páálí àkọ́kọ́ tiẹ̀ ṣòfò pátápátá. Mo lọ ra tínà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, mo fi po ọ̀dà kó lè ṣàn, mo kùn ún sápá òsì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, apá náà rọ̀, ó hunjọ bí ewé tí iná rà. Èmi tí mo ka kẹ́mísírì! Polystyrene ni ike bàálù wọ̀nyí, òun náà ni wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ tó di ike funfun tí wọ́n fi ń di ìrẹsì tà. Mólékù rẹ̀ gùn gbọọrọ bí òwú tó lọ́ pọ̀ mọ́ra. Irú tínà yẹn máa ń ní acetone àti toluene nínú, àwọn yìí sì jọ polystyrene nínú ìwà débi pé wọ́n lè wọ àárín àwọn òwú náà, kí wọ́n tú wọn síra. Ohun tó jọra wọn ló ń yọ́ ara wọn. Omi ò lè ṣe é, torí omi ò jọ ọ́. Ohun tó bàálù mi jẹ́ yìí náà ló sì ń tò ó: gọ́ọ̀mù tí à ń lò fún un kì í lẹ̀ bí ẹ̀kọ, ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì díẹ̀, kí òwú tibí àti tọ̀hún wọnú ara wọn, kó tó fẹ́ lọ. (Ẹ ṣí fèrèsé tí ẹ bá ń lò ó o, ẹ má sì jẹ́ kí iná wà nítòsí. Mi ò ṣeré.)

Ọ̀gá kan tó ń kun mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà níbí ló gbà mí. Mo gbé apá tó hunjọ náà lọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Má kùn ún. Jẹ́ kó kàn fẹ́ kọjá lára rẹ̀." Wọ́n fi ọwọ́ ṣe é hàn mí: ẹ̀rọ ìfọ́dà ò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan, ó ti gbọ́dọ̀ máa lọ kí ọ̀dà tó jáde, kó sì máa lọ lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Fẹ́lẹ́, kó gbẹ, fẹ́lẹ́, kó gbẹ. Lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo lo ọ̀dà olómi fún páálí kejì, mo sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn. Kò sí ìwé tó kọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀, àti ọyẹ́

Láti oṣù kẹjọ 1941, àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kun Spitfire tó ń jà lọ́sàn-án: ewéko tó ṣókùnkùn àti eérú òkun lókè, eérú tó mọ́ díẹ̀ nísàlẹ̀. Mi ò rí ọ̀dà tí wọ́n ti pò sílẹ̀ rà, torí náà mo po tèmi láti inú dúdú, funfun, búlúù àti yẹ́lò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń to bàálù máa ń sọ: ẹ má lo àwọ̀ gidi gan-an, ẹ fi funfun bíi 15 nínú 100 lù ú tó bá jẹ́ 1/72. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló fà á. Ohun tó bá jìnnà máa ń ṣì lójú, nítorí afẹ́fẹ́ àárín ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká sí wa lójú. Òótọ́ nìyẹn. Ẹ wo igbó tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀: igi ìtòsí dúdú mìnìjọ̀, èyí tó wà lókèèrè á dà bí èéfín.

Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Tí mo bá wo bàálù mi láti ìdajì mítà, ó dọ́gba pẹ̀lú wíwo bàálù gidi láti mítà 36. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, tí ènìyàn ríran dé kìlómítà 20, afẹ́fẹ́ inú mítà 36 ò lè dín àwọ̀ kù ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò tiẹ̀ tó o. Níbo ni 15 ti wá? Mo tún un ṣe fún ọjọ́ tí ọyẹ́ mú gan-an ní Ìkirè níbí, tí ènìyàn ò ríran kọjá kìlómítà kan. Ó fún mi ní 13! Ìyẹn ni pé òfin àwọn òyìnbó yẹn bá oṣù kìíní wa mu ju Kent lọ. Mo rẹ́rìn-ín nìkan lóru.

Síbẹ̀, mo fi funfun sí i. Àwíjàre tèmi yàtọ̀ ni. Oòrùn ọ̀sán ń tan ìmọ́lẹ̀ tó ju ti gílóòbù yàrá mi lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú wa kì í sì í rí àwọ̀ bákan náà nínú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ àti èyí tó kéré. Ewéko tó tutù yọ̀yọ̀ níta á ṣú bí aṣọ ọ̀fọ̀ tí ẹ bá gbé e wọ yàrá. Funfun yẹn ń dá díẹ̀ nínú oòrùn padà fún un. Tí ẹ bá gbé bàálù tiyín síta, ẹ wò ó lọ́sàn-án gangan kí ẹ tó gbà mí gbọ́.

Orúkọ

Orúkọ ló kù. Sítíkà tó wà nínú páálí ò ní i. Ká ní lẹ́tà ara bàálù gidi ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, mìlímítà 1.4 ló máa jẹ́ lára tèmi. Lẹ́tà 18 ló wà nínú NIGERIA OYO PROVINCE. Orí abẹ́rẹ́ ni mo fi kọ ọ́, láàárín èémí méjì, torí ọwọ́ máa ń gbọ̀n tí ènìyàn bá ń mí. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo nu R nù. Nígbà tó gbẹ, mo fi ọ̀dà aláìníràn tí kì í dán bò ó, mo fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò: ó dán mọ́rán, kò sí ibi tó ga. Inú mi dùn.

Mo gbé e lọ sí Àpòmù lọ́jọ́ Àìkú, nínú páálí bàtà, òwú yí i ká. Bàbá àgbà gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n fi ìka tọ apá rẹ̀ títí dé ìparí, wọ́n ní, "Ó rí roboto bí ewé." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí, apá Spitfire máa ń yípo lẹ́nu. Wọ́n ka abẹ́ ìbọn níwájú apá, méjì tó yọ síta, wọ́n kà á pé. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Orúkọ wa dà?"

Mo mú ìka wọn, àtàǹpàkò tó ní àpá yẹn, mo gbé e lé e gan-an. Wọ́n rọra fi í síwá sẹ́yìn.

"Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀."

Mo ní ó wà níbẹ̀ bàbá, ọ̀dà ọ̀hún ló fẹ́lẹ́.

"O ò kọ ọ́ kó ga?"

Báwo ni màá ṣe ṣàlàyé pé oṣù mẹ́ta ni mo fi ń làkàkà kó má ga? Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní mo gbìyànjú. "Gbìyànjú" wọn burú ju "ó dáa" ìyá mi lọ.

Nítorí náà iṣẹ́ mìíràn ti dé, òṣùwọ̀n rẹ̀ ò sì le ṣírò: 1/1. Ẹ̀gbẹ́ bàálù nìkan ni mò ń ṣe, ibi tí orúkọ wà. Mo gba páálí fíríìjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ní títì. Lẹ́tà 18, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní gíga, méje ní fífẹ̀, tí mo bá fi àyè díẹ̀ sáàárín wọn, mítà kan àti ààbọ̀ ló máa gùn, ó sì tó. Páálí ìlọ́po méjì ni mò ń gé lẹ́tà náà sí, kó yọ jáde tó mìlímítà mẹ́fà, kí n tó kùn ún. Ọ̀dà lè nípọn bó ṣe fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Lálẹ́ àná mo gé N, mo gé I, mo sì dé ìdajì G kí wọ́n tó mú iná lọ.